Wọ́n Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀, Wọ́n Ń Pa Làpálàpá

Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, ẹ sún mọ́bí, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò lè gbé mì. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn èèyàn ti ń gbé ohùn kan kiri lórí WhatsApp pé ẹ̀wà tí à ń jẹ kì í ṣe ẹ̀wà mọ́, GMO ni, ìyẹn ohun abẹ̀mí tí àwọn onímọ̀ ti fọwọ́ yí jíìnì inú rẹ̀ padà. Wọ́n ní òyìnbó ti ki nǹkan bọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ní ọkùnrin tó bá ń jẹ ẹ́ kò ní lè fún obìnrin lóyún mọ́. Obìnrin tó bá ń jẹ ẹ́, kó máa múra de jẹjẹrẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá gbìn ín lọ́dún yìí kò ní rí i kó hù lẹ́ẹ̀mìíràn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ohùn náà kò dárúkọ ara rẹ̀, kò sọ ẹni tó sọ fún un, kò sọ ọdún, kò sọ ìlú. Ohun kan ṣoṣo tó dá a lójú ni pé a gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ sí ẹni mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí Ọlọ́run. Ṣìọ̀! Wọ́n tún gbé Ọlọ́run wọ inú ọ̀rọ̀ tí wọn ò mọ̀dí.

Ẹ má sì rò pé àwọn tí kò rí ilé ìwé lọ ló wà nídìí ẹ̀ o. Àwọn ọ̀gá tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni. Àwọn ìyá ìjọ ni. Àwọn alhájà tó ti lọ Mẹ́kà dé ni. Àwọn ọmọ wa tó wà ní London ni, tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sílé pé, "Mọ́mì, ẹ má jẹ ẹ̀wà mọ́ o." Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa ti wú báyìí, ẹnu kò sì tíì sinmi.

Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni má wo ohun tó fẹ́ gbé sẹ́nu dáadáa. Ohun tó ń run mí nínú ni ìwà tí gbogbo wa ń hù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń pariwo kò mọ̀. Ẹni tó mọ̀ kò sọ. Ẹni tó ń fi májèlé bọ́ wa gan-an jókòó sáàárín ọjà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń ní, "Oníbàárà mi, ẹ káàbọ̀ o, tuntun ló dé yìí."

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú àwọn tí wọ́n dè láìṣẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀sùn kan wọ́tàmẹ́lọ̀n tí kò ní hóró, wọ́n ní GMO ni. Irọ́ ni. Àdàpọ̀ oríṣi wọ́tàmẹ́lọ̀n méjì ló ń bí i, àwọn onímọ̀ ará Japan sì ti ṣe é kí ẹnikẹ́ni láyé tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ jíìnì kúrò lára ohun kan sínú òmíràn. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan adìyẹ àgíríìkì, wọ́n ní bó ṣe ń yára tóbi yẹn, GMO ni. Irọ́ nìyẹn náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti fi ń ṣa èyí tó tóbi jù láti fi mú ọmọ, wọ́n sì ń bọ́ ọ dáadáa. Wọ́n fi ẹ̀sùn kan tòmátò tí kì í tètè rà. Tòmátò GMO ti wà rí lóòótọ́: Flavr Savr lorúkọ ẹ̀, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní 1994, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lọ́jà kí ọdún 2000 tó dé. Ta ló wá lọ hú u níbi tí wọ́n sin ín sí, tó gbé e wá sí Mile 12?

Ó dáa, ta lẹni tí ọ̀rọ̀ kàn? Ní oṣù kẹrin 2015 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ NBMA sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó irú irúgbìn bẹ́ẹ̀. Ní 2018, wọ́n gba òwú wọlé. Ní 2019, wọ́n gba ẹ̀wà. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n gba àgbàdo tí wọ́n ń pè ní TELA. Títí di àárín ọdún 2024, àwọn mẹ́ta yìí ni àgbẹ̀ Nàìjíríà lè gbìn lábẹ́ òfin. Kò sí iṣu níbẹ̀, kò sí ata, kò sí ìbẹ́pẹ, kò sí ọsàn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó ti pinnu pé ìbẹ́pẹ tó pupa jù ló ṣe é tí ìyàwó ọmọ òun kò fi lóyún. Ẹ ó gbọ́ èébú.

Ẹ̀wà yẹn gan-an, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ló ṣe é, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mohammad Ishiyaku ló ṣáájú wọn. Láti 2009 ni wọ́n ti ń gbìn ín wò nínú oko tí wọ́n sọgbà yí ká. Òyìnbó wà níbẹ̀ lóòótọ́: T. J. Higgins, ará Ọsirélíà, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní ilé ìwádìí CSIRO ló bá wọn fi jíìnì náà sínú ẹ̀wà, Monsanto, ilé iṣẹ́ irúgbìn ní Amẹ́ríkà, ló sì yọ̀ǹda jíìnì ọ̀hún láìgba kọ́bọ̀. SAMPEA 20-T ni wọ́n sọ ẹ̀wà náà. Kí ló wà nínú ẹ̀? Jíìnì kan láti ara kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Bacillus thuringiensis. Jíìnì yẹn ń jẹ́ kí ẹ̀wà pèsè ohun kan tó ń ba ìfun ìdin jẹ́, ìyẹn ìdin Maruca tó máa ń jẹ òdòdó àti èso ẹ̀wà lóko. Ìdin yìí lè run ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí àgbẹ̀ ìbá kórè. Ìfun tèèyàn kò rí bíi ti ìdin, ohun náà kò rí ibi dì mọ́ níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tó ń pariwo pé àwọn kì í lo kẹ́míkà, kòkòrò àìfojúrí yìí kan náà ni wọ́n ń pò mọ́mi tí wọ́n ń fín sí ẹ̀fọ́ wọn láti ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀wà náà ní àgbẹ̀ tó máa ń fín ògùn nígbà mẹ́jọ lè fín in lẹ́ẹ̀mejì péré báyìí.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi káwọ́ lérí rèé o. Ẹ lọ sójà, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ra ẹ̀wà, ẹ ó gbọ́ ọ létí ara yín: "Èyí tí kòkòrò kò lù yìí, GMO ni, ẹ má rà á." Ẹ gbà mí! Ìdin oko ni jíìnì yẹn ń pa. Kòkòrò kéékèèké tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò, tó ń lù ú di ìyẹ̀fun, ọ̀tọ̀ ni ìran tiẹ̀, jíìnì yẹn kò rí i gbé ṣe. Ẹ kó ẹ̀wà GMO sínú àpò lásán, ẹ gbé e síbi tó móoru, kòkòrò yóò lù ú bó ṣe ń lu ẹ̀wà olóyin, bó ṣe ń lu ẹ̀wà drum. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú àpò, tí ihò kan kò sí lára rẹ̀, tí kòkòrò kan kò fò jáde nínú ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹlẹ́wà ni pé: kí lẹ fi sí i?

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí wọ́n ń fi sí i. Sniper ni! Ògùn tí wọ́n ṣe fún aáyán àti ẹ̀fọn, tí dichlorvos wà nínú ẹ̀, òun làwọn kan ń da sórí ẹ̀wà tí ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ jẹ. Wọ́n ń sọ pé ẹ̀wà tí àwọn míì ń sè nílé wà lọ́tọ̀ nínú àpò kékeré, wọn ò jẹ́ fi ẹnu kan èyí tí wọ́n ń tà. Ẹ̀rù Ọlọ́run dà? Àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti ògùn ti kìlọ̀ títí ohùn fẹ́ẹ̀ há. Ní 2019, wọ́n fòfin de ìgò kéékèèké ògùn yìí kó má baà máa wà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ ni ìtìjú ti bá wa lókè òkun. Ní oṣù kẹfà 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ẹ mọ́. Ìwọ̀n dichlorvos tí wọ́n gbà láyè nínú kílò ẹ̀wà kan jẹ́ mílígíráàmù 0.01, èyí tí wọ́n bá nínú tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó lọ títí dé 4.6. Ẹ fi orí yín ṣírò ẹ̀. Ó ju ìlọ́po irínwó lọ! Ọdún kan náà tí a ń ṣòfin GMO ni wọ́n dá ẹ̀wà wa padà nítorí ògùn aáyán. Ta ló gbé ohùn ìyẹn sórí WhatsApp? Ìyá ìjọ wo ló gbààwẹ̀ lé e?

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bẹ́ẹ̀ ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Ojú wa ń ṣọ́ òyìnbó tó wà ní òkèèrè, ẹni tó ń da ògùn sóúnjẹ wa ń ka owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Kì í sì í ṣe pé kò sí ọ̀nà mìíràn. Àwọn ará Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ti ṣe àpò alábala mẹ́ta kan, PICS, tó ti wà ní Nàìjíríà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kó ẹ̀wà gbígbẹ sínú ẹ̀, ẹ dì í pinpin, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí, yóò kú fúnra ẹ̀. Kò ná yín ní ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àpò yẹn lówó ju ìgò Sniper lọ, àwọn kan sì ti ṣírò pé owó àpò ló wọ́n, ẹ̀mí oníbàárà kò wọ́n. Káì!

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ àwọn tó gbà pé àwọn mọ ọ̀rọ̀ GMO tán. Ẹ má rò pé tiwa nìkan ló burú. Ní 2019, àwọn olùwádìí kan gbé iṣẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Nature Human Behaviour. Wọ́n bi àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, Faransé àti Jámánì léèrè bí wọ́n ṣe lòdì sí GMO tó, wọ́n bi wọ́n bí wọ́n ṣe rò pé àwọn mọ ọ̀rọ̀ náà tó, wọ́n wá dán wọn wò ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n rí? Àwọn tó lòdì sí i jù ni ìmọ̀ wọn kéré jù, àwọn náà ló sì dá lójú jù pé àwọn mọ̀ ọ́n tán. Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi, àánú wọn sì tún ṣe mí.

Ìyẹn kéré. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2015, Yunifásítì Oklahoma State bi àwọn ará Amẹ́ríkà bóyá kí ìjọba pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa lẹ àkọlé mọ́ gbogbo oúnjẹ tí DNA bá wà nínú ẹ̀. Ó lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún tó ní bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ kíá! DNA o! Ohun tí a fi ṣe jíìnì gan-an! Èyí tó wà nínú àmàlà, nínú ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, nínú ẹja pánla, nínú ẹnu tí wọ́n fi dáhùn ìbéèrè. Àwọn tí à ń sáré gba físà lọ bá nìyẹn. Ní 2020, àjọ ìwádìí Pew bi àwọn èèyàn ní ogún orílẹ̀-èdè: bí a bá kó èsì wọn pọ̀, nǹkan bí 48 nínú ọgọ́rùn-ún ní GMO kò dáa fún jíjẹ, 13 péré ló ní ó dáa, àwọn tó lé ní ìdá mẹ́ta sì ní àwọn kò mọ̀ tó ohun tí àwọn fi lè dáhùn. Àwọn tó dáhùn pé àwọn ò mọ̀ yìí nìkan ni mo kí níbẹ̀. Ọmọlúàbí ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá tú àṣírí kan síta, ì báà dùn yín, ì báà má dùn yín. Ẹ̀gbọ́n tó ń ké pé òun kò ní jẹ́ kí ohun GMO wọ ara òun láé, tó sì ń fi insulin gún ikùn ara rẹ̀ láràárọ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, níbo ló rò pé insulin ti ń wá? Láti 1982 ni wọ́n ti ń tà á fáwọn aláìsàn: jíìnì insulin èèyàn ni wọ́n fi sínú kòkòrò àìfojúrí, òun ló ń bá wa pèsè ẹ̀. GMO ń gba ẹ̀mí yín là, ẹ ń bú u lójú agbo. Ẹ wo ìwà!

Ọ̀dùnkún ńkọ́? Èyí tí ẹ ń sè fọ́mọ, tí ẹ ń dín, tí ẹ gbà pé Ọlọ́run ló fún wa bẹ́ẹ̀ láìsí ọwọ́ òyìnbó nínú ẹ̀? Ní 2015, àwọn onímọ̀ ní Ghent, pẹ̀lú ilé ìwádìí ọ̀dùnkún tó wà ní Lima, yẹ oríṣi ọ̀dùnkún àgbìnjẹ 291 wò. Gbogbo wọn pátá ló ní jíìnì kòkòrò àìfojúrí Agrobacterium lára. Kòkòrò yẹn ló wọ̀ ọ́ lára fúnra ẹ̀ láyé àtijọ́, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Agrobacterium kan náà ni àwọn onímọ̀ ń rán níṣẹ́ lónìí bí wọ́n bá fẹ́ fi jíìnì sínú irúgbìn. Nítorí náà, bí GMO bá ń sọ ọkùnrin di akúra bí wọ́n ṣe wí, ìlú tó fẹ́ràn ọ̀dùnkún ìbá ti parun kí òyìnbó tó mọ ojú ọ̀nà Èkó.

Àwọn tó ń fi àwòrán eku tí kókó ńláńlá so mọ́ lára ránṣẹ́ ńkọ́? Mo mọ ibi tí àwòrán yẹn ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Faransé kan, Gilles-Éric Séralini, ló gbé e jáde ní oṣù kẹsàn-án 2012. Ó ní àgbàdo GMO ló fa kókó yẹn. Ṣùgbọ́n irú eku tó lò, kókó máa ń yọ lára wọn fúnra wọn bí wọ́n bá ti ń dàgbà, ohunkóhun tí wọn ì báà jẹ. Eku mẹ́wàá mẹ́wàá péré ló sì kó sí ìpín kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wá bà mí nínú jẹ́ jù ni pé wọ́n mú àwọn akọ̀ròyìn tọwọ́ bọ ìwé kí wọ́n tó fún wọn ní ìròyìn náà, pé wọn ò gbọ́dọ̀ fi han onímọ̀ mìíràn kó tó jáde. Ẹ gbọ́ mi: ẹni tí ọjà rẹ̀ dáa, ṣé yóò ní kí oníbàárà má yẹ̀ ẹ́ wò? Ní oṣù kọkànlá 2013, ìwé ìròyìn tó gbé e jáde kó o kúrò nílẹ̀. Ìwé ìròyìn mìíràn gbà á wọlé ní 2014, ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ́ ti dé. Àwòrán eku ṣì ń rìn kiri títí dòní. Ìròyìn pé wọ́n kó o kúrò nílẹ̀ kò rí ẹni bá a gbé e.

Ẹ tún gbọ́ ti Mark Lynas, ará Britain. Ní àwọn ọdún 1990, òun wà lára àwọn tó ń lọ hú irúgbìn GMO lóko olóko lóru. Ní oṣù kìíní 2013, ó dìde níwájú àwọn àgbẹ̀ ní Oxford, ó tọrọ àforíjì, ó ní òun kò ka ìwé kankan lórí ọ̀rọ̀ náà dáadáa nígbà tí òun ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún o! Oko èèyàn ni wọ́n bà jẹ́, kó tó jókòó ti ìwé.

Ṣùgbọ́n kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá má tíì máa pàtẹ́wọ́ o, tiwọn náà wà nílẹ̀. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ọ̀rọ̀ irúgbìn tí kò ní hù lẹ́ẹ̀kejì yẹn, a kò lá a lálàá. Ní oṣù kẹta 1998, ilé iṣẹ́ Delta and Pine Land àti ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n tí yóò mú kí irúgbìn yàgàn. Ẹ fojú inú wò ó: èèyàn jókòó, ó ronú, ó ní kí hóró tí àgbẹ̀ bá tọ́jú má hù mọ́, kó lè padà wá rà. Ìwà ọ̀kánjúà gbáà! Aráyé pariwo, Monsanto ṣèlérí ní 1999 pé òun kò ní lò ó, wọn kò sì tíì tà á fún àgbẹ̀ kankan títí di òní. Ẹ̀wà Zaria kò ní in. Àgbẹ̀ lè tọ́jú hóró rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Àgbàdo àdàpọ̀ tí kì í so dáadáa mọ́ ní ìran kejì ti wà kí GMO tó dé. Ṣùgbọ́n èrò burúkú ti jáde lọ́kàn àwọn olówó yẹn rí, àgbẹ̀ kò sì ní gbàgbé.

Ní oṣù kẹsàn-án 2000, àṣírí mìíràn tú. Àgbàdo StarLink, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ẹran ọ̀sìn nìkan, ni wọ́n bá nínú ìpápánu tí èèyàn ń jẹ. Wọ́n sáré kó ọjà kúrò lórí àtẹ káàkiri. Àyẹ̀wò kò fi hàn pé ó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá, ṣùgbọ́n ìbéèrè tèmi ni pé: ẹni tó sọ pé òun ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, báwo ni ewúrẹ́ ṣe wọlé?

Ti Burkina Faso ló wá dà bí ìgbéyàwó tí wọ́n fi ìlù àti àgbò ṣe, tí ìyàwó kó ẹrù rẹ̀ jáde kí àǹkárá ẹgbẹ́ tó ṣá. 2008 ni orílẹ̀-èdè náà gba òwú Monsanto tọwọ́tẹsẹ̀. Kòkòrò dín kù, àgbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àfi bí òwú ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á, tí wọ́n wọ̀n ọ́n, tí fọ́nrán rẹ̀ kúrú! Òwú Burkina tó lókìkí fún fọ́nrán gígùn, ẹ̀tẹ́ bá a lọ́jà àgbáyé. Nígbà tó fi máa di 2016, wọ́n ti kọ ara wọn, wọ́n sì ń béèrè owó gbà-má-bínú lọ́wọ́ Monsanto. Kì í ṣe jíìnì ló jẹ̀bi níbẹ̀. Ẹni tó fi jíìnì sínú òwú tí kò tún un tọ́jú dáadáa kó tó gbé e fún oníbàárà ló jẹ̀bi.

Ó wá ku àwọn ìjọba. Ẹ rántí Zambia ní 2002. Ìyàn mú, àwọn èèyàn ń wá gbòǹgbò igbó jẹ, Amẹ́ríkà kó àgbàdo dé. Ààrẹ Levy Mwanawasa ní GMO ni, ó pè é ní májèlé, ó ní kí wọ́n kó o padà. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn láyìíká ibẹ̀ ní kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúná kí àgbẹ̀ má baà gbìn ín, wọ́n sì jẹ ẹ́. Ẹ̀rù tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fúnni kó tó di ọjọ́ ìyàn, ọjọ́ ìyàn ló máa ń jáde.

Tiwa nílé ńkọ́? Ní oṣù kìíní 2024, ìgbìmọ̀ ìjọba fọwọ́ sí àgbàdo TELA. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá dìde, wọ́n ní kí wọ́n dá ìfọwọ́sí tuntun dúró ná, kí àwọn ṣe ìwádìí bóyá ó dáa fún ara. Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó! Àwọn aṣòfin ló ṣe òfin ní 2015. Àwọn onímọ̀ Zaria ti ń gbin ẹ̀wà wò láti 2009. Wọ́n ta òwú, wọ́n ta ẹ̀wà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni àwọn aṣòfin wá rántí pé ó yẹ káwọn béèrè! Ẹni tó ti sun iyàrá kan fún ọdún mẹ́wàá kó tó wá béèrè bóyá ejò wà nínú ẹ̀, oorun ló ń sùn, kì í ṣe ìṣọ́ ló ń ṣe.

Àwọn tó wà ní àjọ NBMA ńkọ́, àwọn onímọ̀ Zaria ńkọ́? Mo gbà pé wọ́n mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló dúró ní ọjà Bódìjà tó fi Yorùbá sọ fún àwọn ẹlẹ́wà ohun tí jíìnì yẹn jẹ́? Ta ló lọ bá àwọn alákàrà ní Ìlá, ní Ìsẹ́yìn, tó sọ fún wọn pé kòkòrò yóò ṣì lu ẹ̀wà náà? Bí wọ́n bá ti ṣe é, kí ló dé tí ohùn WhatsApp fi ń borí wọn ní gbogbo àdúgbò? Ìwé tí wọ́n kọ fún ara wọn ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kò lè dé etí ẹni tó ń fi kóńgò wọn ẹ̀wà.

Àkọlé tó yẹ kó sọ pé GMO wà nínú oúnjẹ gan-an, wọ́n ń bẹ̀rù ẹ̀ bíi pé òkú ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ fi ná owó láti má jẹ́ kí òfin àkọlé jáde. Ó wá di dandan láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2022, wọ́n sì tún gbà wọ́n láyè láti fi sínú àmì tí oníbàárà yóò fi fóònù yà kó tó rí i kà. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò mú íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ní Bùràsíl, níbi tí àwọn ọmọ ìran wa ní Bahia ti ń fi ẹ̀wà dín acarajé títí di òní, òfin ti ní kí wọ́n máa lo àmì tó ṣe kedere láti 2003: igun mẹ́ta aláwọ̀ ìyeyè tí lẹ́tà T dúdú wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, ó rà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, ó rìn lọ. Ọjà kò sì tìtorí ẹ̀ dàrú.

Ìdájọ́ tèmi rèé, kò sì lọ́jú pọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí lọ́rùn ẹ̀wà. Ìjọba tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú èdè ìwé jẹ̀bi. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àpò irúgbìn àti àpò ọjà, kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ síbẹ̀ lédè tí ẹlẹ́wà lè kà. Ẹni tó ń da Sniper sóúnjẹ jẹ̀bi jù gbogbo wọn lọ, ọlọ́pàá ló sì yẹ kó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ohùn kiri náà jẹ̀bi. Nígbà tí ẹ bá tún dé ọjà, ẹ gbàgbé òyìnbó fúngbà díẹ̀, ẹ bu ẹ̀wà sọ́wọ́, ẹ gbóòórùn ẹ̀, kí ẹ sì bi ìyá ẹlẹ́wà lójú gbogbo èèyàn pé kí ló fi tọ́jú ẹ̀. Bí kò bá dáhùn, ẹ má rà á.